Ààrò Ọdún Mẹ́wàá Nínú Ilé Oṣù Mọ́kànlá

Ẹ gbọ́dọ̀ gbọ́ èyí. Mo mọ̀ pé bí mo bá ní ọ̀rọ̀ òfin ìṣirò owó ni mo fẹ́ sọ, ẹlòmíràn á ti máa wá ibi tí yóò gbà jáde. Ẹ dúró ná. Òfin tí mò ń wí yìí kò pariwo, kò mú kùmọ̀ dání, ìwé lásán ni. Àmọ́ ó wọ ilé-iṣẹ́ búrẹ́dì kan ní Johannesburg ní ọjọ́ kìn-ín-ní ọdún 2019, ó lúgọ sí kọ̀rọ̀ kan, ó sì ń wo obìnrin kan tó ń jẹ́ Bọ́láwùmí.

Bọ́láwùmí kì í ṣe ènìyàn ńlá. Ọmọ Ìkẹ́rẹ́-Èkìtì ni, akáńtáǹtì ni, ẹni ọdún mẹ́rìndínlógójì. Bàbá rẹ̀ ṣe akọ̀wé ní ilé-ìwé girama títí ó fi fẹ̀yìntì, òun ló sì kọ́ ọ láti kékeré pé ẹni tó bá fọwọ́ sí ìwé ti fi ara rẹ̀ síbẹ̀. Ní 2015 ló dé South Africa pẹ̀lú ọmọbìnrin rẹ̀, Adéṣẹwà. Ọkọ rẹ̀, Olúdáre, ṣì wà ní Adó-Èkìtì, ó ń dúró de ìwé ìgbélùú tirẹ̀. Ìwé ọkọ so mọ́ ìwé ìyàwó, ìwé ìyàwó sì so mọ́ orúkọ ilé-iṣẹ́ kan ṣoṣo: Mphako. Bí iṣẹ́ Mphako bá bọ́ lọ́wọ́ Bọ́láwùmí, ìwé náà di bébà, òun àtọmọ á sì padà sílé. Ẹ fi èyí sọ́kàn. Òun náà ń fi í sọ́kàn lójoojúmọ́, bó ti ń fọ eyín, bó ti ń di irun ọmọ.

Mphako ní ṣọ́ọ̀bù mẹ́tàlélógún, láti Alexandra títí dé Soweto, ọ́fíìsì àgbà sì wà ní Newtown. Ọgbọ́n wọn kò ju pé ààrò wà lẹ́yìn ṣọ́ọ̀bù kọ̀ọ̀kan, kí búrẹ́dì lè gbóná nígbà tí oníbàárà bá gbà á. Òṣìṣẹ́ igba ó lé ogójì ló ń jẹun níbẹ̀.

Ẹni tó mú Bọ́láwùmí wọ ibẹ̀ ni ọ̀gá ètò owó, Ọ̀gbẹ́ni Mákindé, tí gbogbo ọmọ Yorùbá ibẹ̀ ń pè ní Bọ̀dá Mákindé. Òun ló lọ pàdé wọn ní pápákọ̀ òfuurufú, tó fún wọn ní yàrá nínú ilé rẹ̀ fún oṣù mẹ́ta láìgba kọ́bọ̀. Alàgbà ni nínú ìjọ. Láràárọ̀, bí Bọ́láwùmí bá dé ẹnu ọ̀nà ọ́fíìsì rẹ̀, yóò kúnlẹ̀. Nígbà àkọ́kọ́, ọmọ Soweto kan tó jókòó nítòsí dìde wá bá a, ó ní ṣé yẹtí rẹ̀ ló jábọ́ kí àwọn jọ wá a. Ó pẹ́ kí ó tó yé wọn pé kò sí ohun tó jábọ́.

Ó dára. Òfin náà wá ńkọ́? Ẹ jẹ́ kí n sọ ọ́ bó ṣe rí, torí ó dùn mọ́ mi ju ẹran àyangbẹ lọ. Tẹ́lẹ̀, bí ilé-iṣẹ́ bá gba ilé fún ọdún mẹ́wàá, owó ilé oṣù tó wọlé nìkan ni ó ń kọ sínú ìṣirò pé òun ná. Owó ọdún mẹ́sàn-án tó kù, tí ó ti ṣèlérí rẹ̀ tán, kò sí láàárín gbèsè rẹ̀. Ó wà ní ìsàlẹ̀ ìwé, ní lẹ́tà wínníwínní, níbi tí ojú kì í dé. Òfin tuntun ní rárá: ohun tí o ti ṣèlérí láti san fún ilé tí ò ń lò, gbèsè ni, kọ ọ́ sójú ìwé lónìí. Ẹnu ọ̀nà kan ṣoṣo ni wọ́n ṣí sílẹ̀ fún irú Mphako: bí àdéhùn ilé náà kò bá kọjá oṣù méjìlá, ẹ lè fi í sílẹ̀ bó ti wà tẹ́lẹ̀.

Ẹnu ọ̀nà yẹn ni Bọ̀dá Mákindé gbà wọlé.

Ní oṣù keje ọdún náà, ọ́dítọ̀ tó ń yẹ ìwé Mphako wò, ọmọbìnrin ará Durban kan tó ń jẹ́ Nomfundo, fi tábìlì kan ránṣẹ́. Ṣọ́ọ̀bù mẹ́tàlélógún wà lórí rẹ̀, iye oṣù àdéhùn wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ wọn, ní ìparí ìlà kọ̀ọ̀kan sì ni àyè tí wọ́n kọ sí pé: mo ti rí i. Bọ́láwùmí ló máa fọwọ́ sí i. Bọ̀dá Mákindé sì ti kọ iye oṣù kún un: mọ́kànlá, mọ́kànlá, mọ́kànlá, láti òkè délẹ̀.

"Bọ̀dá, ẹ jẹ́ kí n yọjú sí ṣọ́ọ̀bù méjì mẹ́ta kí n tó fọwọ́ sí i."

Ó rẹ́rìn-ín. "Kí lo fẹ́ lọ wò níbẹ̀? Búrẹ́dì?"

"Rárá o, sà. Ọ̀rọ̀ ilé yìí ni."

"Ìwé ilé rèé níwájú mi. Oṣù mọ́kànlá ni wọ́n kọ, bó bá pé, a tún bẹ̀rẹ̀ òmíràn. Àbí o rò pé mo lè kọ ohun tí kò sí?"

Ẹ wo ìbéèrè yẹn dáadáa, torí inú rẹ̀ ni gbogbo ọ̀rọ̀ yìí wà. Ọmọ Èkìtì wo ló máa wo ojú ẹni tó gbé e wọ̀lú, kó ní bẹ́ẹ̀ ni, mo rò bẹ́ẹ̀? Ọ́dítọ̀ òyìnbó á ní kí wọ́n fi ìwé han òun, kò sì ní gbà pé òun bú ẹnikẹ́ni. Lọ́dọ̀ tiwa, bí o bá ní kí àgbà tún fi ìwé hàn ọ́, olè lo pè é. Bọ́láwùmí padà sórí àga rẹ̀, ó sì kọ ọ́ lẹ́ẹ̀mẹtàlélógún: mo ti rí i. Kò rí ọ̀kankan.

Kò sí ohun tó ṣẹlẹ̀ fún oṣù mélòó kan. Ohun tó ń bani lẹ́rù gan-an nìyẹn. Búrẹ́dì ń jáde, owó ń wọlé, báǹkì ń kí wọn. Mphako ti yá owó ńlá láti fi ra ààrò àti ọkọ̀, gbèsè náà sì jẹ́ ọgọ́rin mílíọ̀nù ráàndì. Báǹkì ti kọ ọ́ sínú àdéhùn pé gbogbo gbèsè ilé-iṣẹ́ náà kò gbọ́dọ̀ ju ìlọ́po méjì owó tí àwọn tó ni ín fi sílẹ̀ níbẹ̀. Owó yẹn jẹ́ àádọ́ta mílíọ̀nù. Ọgọ́rùn-ún ni ààlà. Ọjọ́ tí gbèsè bá kọjá rẹ̀, báǹkì lẹ́tọ̀ọ́ láti gba gbogbo owó rẹ̀ lẹ́ẹ̀kan náà.

Nígbà tí ọdún ń lọ sópin, àwọn tó ń túmọ̀ òfin náà fún ayé gbé àlàyé kékeré kan jáde. Wọ́n ní bí àdéhùn ilé bá ń tún ara rẹ̀ ṣe títí ẹnì kan á fi kọ̀, kí a má wo ìwé nìkan. Kí a wo ohun tí ayálégbé ti kọ́ mọ́ ilé náà tí kò ṣeé gbé lọ. Kí a bi ara wa pé, èló ni yóò sọnù bí ó bá jáde?

Bọ́láwùmí kà á ní ọ́fíìsì ní ọ̀sán kan, ó mi orí, ó sì padà sídìí iṣẹ́ tó wà lọ́wọ́ rẹ̀. Iṣẹ́ wo? Ó ń ṣírò bí ohun èlò ṣe ń gbó. Owó tí wọ́n fi ra ohun èlò kọ̀ọ̀kan ni wọ́n máa ń pín sí iye ọdún tí wọ́n retí pé yóò lò. Ọkọ̀, ọdún márùn-ún. Kọ̀ǹpútà, ọdún mẹ́ta. Ààrò Alexandra, ọdún mẹ́wàá. Ààrò Soweto, ọdún mẹ́wàá. Mẹ́tàlélógún, ọdún mẹ́wàá mẹ́wàá. Òun fúnra rẹ̀ ló kọ ọ́.

Ọwọ́ rẹ̀ dúró lórí kọ̀ǹpútà. Ó ṣí tábìlì oṣù keje, ó gbé e sẹ́gbẹ̀ẹ́ èyí. Lápá òsì, oṣù mọ́kànlá. Lápá ọ̀tún, ọdún mẹ́wàá. Ọwọ́ kan náà, ọwọ́ tirẹ̀, lábẹ́ méjèèjì.

"Ta ló ń kọ́ ààrò ọdún mẹ́wàá sínú ilé oṣù mọ́kànlá?" Ohùn Èkìtì ló fi sọ ọ́, èyí tí kì í sọ ní ọ́fíìsì.

Ó fi ọdún mẹ́wàá ṣírò owó ilé gbogbo ṣọ́ọ̀bù náà, ó yọ èlé tó wà nínú owó ọdún iwájú kúrò bí òfin ti wí. Ó jẹ́ mílíọ̀nù mọ́kànléláàádọ́ta. Ó fi kún ọgọ́rin. Mọ́kànléláàádóje. Ó pa á rẹ́, ó tún un ṣe láti ìbẹ̀rẹ̀, ó tún jáde. Ààlà báǹkì ti wà lẹ́yìn wọn tipẹ́, bí ìlú tí ọkọ̀ ti kọjá nígbà tí èrò ń sùn.

Ní ọjọ́ kejì ó wọ taxi lọ sí Alexandra, kò sọ fún ẹnikẹ́ni. Iná ìlú ti lọ. Gbogbo iná tó ń darí ọkọ̀ lójú títì, tí wọ́n ń pè ní róbọ́ọ̀tì níbẹ̀, kú, ọkọ̀ sì ń fi ìmú wá ara wọn ní oríta. Ó bá Mme Dikeledi, ìyá tó ń ṣe olórí ṣọ́ọ̀bù, lẹ́nu ọ̀nà.

"Sisi wa láti Newtown. Ṣé owó lo gbé wá, àbí ìwé?"

"Ìwé ni, Mà."

"Mo mọ̀. Owó kì í wọ taxi."

Wọ́n rẹ́rìn-ín, wọ́n sì kọjá sẹ́yìn. Ẹ̀yin ènìyàn, ààrò náà ga ju Bọ́láwùmí lọ ní ìlọ́po méjì. Ojú ààrò ń wo inú yàrá, ṣùgbọ́n ara rẹ̀ wọ inú ògiri lọ. Bíríkì gun ẹ̀gbẹ́ rẹ̀, sìmẹ́ǹtì dí gbogbo etí rẹ̀. Nítorí iná tó lọ, kò jó. Dúdú ni ẹnu rẹ̀, ó sì tutù, ó là sílẹ̀ gbayawu.

"Báwo lẹ ṣe gbé e gba ẹnu ọ̀nà yìí?"

"Ta ló gba ẹnu ọ̀nà? Wọ́n wó ògiri ẹ̀yìn palẹ̀. Wọ́n tì í wọlé, wọ́n tún ògiri mọ. Bàbá onílé dúró níbi tí o dúró sí yẹn, ó ń sunkún bí ọmọ tuntun. Ó ní wọ́n ti ba ilé òun jẹ́. Ìgbà tí wọ́n ṣèlérí fún un ló tó dákẹ́."

"Ìlérí wo?"

"Pé Mphako kò ní kúrò níbí kí ààrò tó kú. Ọdún mẹ́wàá. Wọ́n ní tóṣù mọ́kànlá bá pé, kó má yọ ara rẹ̀ lẹ́nu, ìwé lásán nìyẹn."

Bọ́láwùmí ti mọ ìdáhùn kó tó béèrè. "Ta ló ṣèlérí, Mà?"

"Bàbá yín tó ga. Èyí tí ò ń kúnlẹ̀ fún." Mme Dikeledi fi ọwọ́ lu ògiri. "Ó fi Ọlọ́run búra níbí. Eish, Sisi, kí ló dé? Ṣé a fẹ́ kó kúrò ni? Bá a bá kó, ààrò yìí ló máa kù. Kò sí ẹni tó lè gbé e jáde."

Ìyẹn ni pé Bọ̀dá Mákindé mọ̀. Kì í ṣe àṣìṣe.

Ní ọ̀sán ọjọ́ yẹn, Bọ́láwùmí kúnlẹ̀ lẹ́nu ọ̀nà rẹ̀ bí ìṣe rẹ̀, ó sì wọlé. Bọ̀dá ń wo gbàgede Mary Fitzgerald láti ojú fèrèsé.

"Bọ̀dá, mo lọ sí Alex."

Kò yíjú. "Ta ló rán ọ?"

"Kò sẹ́ni tó rán mi, sà. Mo rí ààrò."

"O wá di ọlọ́pàá."

"Ẹ má bínú, sà. Orúkọ mi ló wà lórí tábìlì yẹn."

"Ṣé o mọ ohun tí gbèsè ilé yẹn máa ṣe bí a bá kọ ọ́?"

"Mo ti ṣírò rẹ̀. Ọdún ò tíì parí, Bọ̀dá. Ẹ jẹ́ ká kọ̀wé sí báǹkì. Nomfundo ní àwọn ilé-iṣẹ́ kan ti ṣe bẹ́ẹ̀. Wọ́n bẹ báǹkì pé kó máa fi òfin àtijọ́ wọn ààlà, báǹkì sì gbà."

Ó wá yíjú. "Kí n lọ bẹ̀bẹ̀? Kí àwọn ọmọ kéékèèké báǹkì yẹn máa wo ìwé mi lọ́kọ̀ọ̀kan bí ẹni tó mú olè? Gbèsè yẹn kò sí lánàá, Bọ́lá. Ẹnì kan jókòó sí London, ó kọ ìwé, o ní kí èmi wá di onígbèsè."

"Ó ti wà, sà. A ò kàn kọ ọ́ síta ni."

Ó kúrò lójú fèrèsé, ó jókòó. Ohùn rẹ̀ rọ̀, ohùn tó fi máa ń gbàdúrà fún ọmọ tuntun. "Ìwé ìgbélùú rẹ. Ìgbà wo ló máa parí?"

"Oṣù kẹwàá tó ń bọ̀."

"Orúkọ ta ló wà lórí ẹ̀?"

"Mphako, sà."

"Ó dáa." Ó padà sí ojú fèrèsé. "Bá mi kí Adéṣẹwà."

Ẹ̀rù ìkíni yẹn ba Bọ́láwùmí ju èébú lọ. Ní ọjọ́ Ìsinmi, nínú ìjọ tí wọ́n jọ ń lọ, ìyàwó Bọ̀dá kò jókòó tì í mọ́. Olúdáre pè é láti Adó, ó ń béèrè bóyá kí òun ti bẹ̀rẹ̀ sí í ta mọ́tò. Bọ́láwùmí ní kó dúró díẹ̀, kò sọ ìdí. Adéṣẹwà bi í lédè Gẹ̀ẹ́sì pé ṣé wọ́n máa lọ sílé ni, torí ó rí i tó ń ka àpótí tó wà lókè kọ́bọ́ọ̀dù. Ó fi Yorùbá dá a lóhùn pé kó jẹun. Ọdún parí. Wọn kò kọ̀wé sí báǹkì.

Ní oṣù kejì ọdún 2020, tábìlì náà tún dé láti ọwọ́ Nomfundo, mẹ́tàlélógún ìlà, àyè kan náà ní ìparí. Ó béèrè nínú lẹ́tà kan ṣoṣo pé: ṣé iye tí ẹ kọ ní oṣù keje náà ni ká gbé wá? Bọ̀dá Mákindé gba ẹ̀yìn àga Bọ́láwùmí kọjá lẹ́ẹ̀mejì ní àárọ̀ yẹn. Ó gbé ife tíì kan kalẹ̀ fún un, ohun tí kò ṣe rí láti ọjọ́ tí wọ́n ti jọ wà níbẹ̀.

Tíì náà tutù. Bọ́láwùmí rántí bàbá rẹ̀, akọ̀wé àgbà ní Ìkẹ́rẹ́, tó máa ń fẹ́ tádà ìkọ̀wé gbẹ kó tó pa ìwé dé. Ó pa oṣù mọ́kànlá rẹ́ nínú ìlà kọ̀ọ̀kan. Lábẹ́ gbogbo rẹ̀ ló kọ èyí sí: "Ní oṣù keje mo kọ pé mo ti rí àwọn ilé wọ̀nyí. Mi ò rí wọn. Mo ti wá dé ọ̀kan nínú wọn, mo sì rí ààrò tí kò ṣeé yọ, ọdún mẹ́wàá ni a kà fún un, ọdún mẹ́wàá ni a sì ṣèlérí fún onílé. Mo rọ̀ yín kí ẹ lọ wo ìyókù." Ó fi ránṣẹ́. Lẹ́yìn náà ló dìde, ó lọ kúnlẹ̀ lẹ́nu ọ̀nà Bọ̀dá, ó ní, "Mo ti fi ránṣẹ́, sà." Kò sí ẹni tó béèrè yẹtí lọ́jọ́ yẹn.

Nomfundo lọ wo ìyókù. Mẹ́tàlélógún ògiri, mẹ́tàlélógún ààrò. Ìwé ìṣirò ọdún jáde pẹ̀lú mọ́kànléláàádóje lójú rẹ̀ gbàgàdà, lẹ́tà báǹkì, pé kí wọ́n san gbogbo owó náà, sì dé kí oṣù kẹta tó dá sí méjì. Báǹkì kò pariwo pẹ̀lú. Wọ́n kọ pé ó dùn wọ́n, àwọn ì bá ti gbà bí ó bá ṣe pé Mphako bẹ àwọn kí ọdún tó parí. Èyí tí wọ́n fi pamọ́ fún àwọn ló jẹ́ kí àwọn máa bẹ̀rù ohun mìíràn tí àwọn kò tíì rí. Ẹ gbọ́ yẹn? Gbèsè kọ́ ni wọ́n kọ̀. Ìpamọ́ ni. Ní bí ọ̀sẹ̀ méjì lẹ́yìn náà ni wọ́n ti gbogbo ènìyàn mọ́lé nítorí àrùn kòrónà. Báǹkì kó ọkọ̀ lọ. Ṣọ́ọ̀bù mẹ́rìndínlógún tì ní oṣù karùn-ún, méje tó kù tẹ̀lé e.

Àwọn ènìyàn ń sọ ọ́ títí di òní ní Newtown pé òfin tuntun ló pa Mphako, àwọn mìíràn ní Bọ́láwùmí ni. Òun kì í bá wọn jiyàn. Ó ṣì ń bá Mphako parí ìwé ìkógbásílé, ó sì ku ọjọ́ mọ́kàndínlógún kí ìwé ìgbélùú rẹ̀ parí nígbà tí ilé-iṣẹ́ kan ní Midrand gbà á. Nomfundo ló kọ̀wé fún un, ó sì fi ọ̀rọ̀ tí Bọ́láwùmí kọ sábẹ́ tábìlì yẹn ránṣẹ́ bí ẹ̀rí. Olúdáre ṣì wà ní Adó, ó ń dúró. Bọ̀dá Mákindé ṣì ń wá sí ìjọ. Ó máa ń jókòó ní ìlà méjì síwájú Bọ́láwùmí, kì í wẹ̀yìn. Bí ìsìn bá parí, obìnrin náà á kúnlẹ̀ sí ẹ̀yìn ọkùnrin náà, á sì dìde.

Ẹ má gba ọ̀rọ̀ mi gbọ́ o. Ẹ wọ taxi lọ sí Alexandra, ẹ béèrè ṣọ́ọ̀bù tí Mphako wà tẹ́lẹ̀. Ibi ìdirun ló dà báyìí. Dígí wà lára ògiri, àga mẹ́ta, àwọn ọmọbìnrin ń rẹ́rìn-ín, wọ́n so tówẹ̀lì tútù sí ẹnu irin kan tó là sílẹ̀ nínú bíríkì lẹ́yìn wọn, tó dúdú, tí kò sẹ́ni tó lè gbé e jáde. Ẹ dé ibẹ̀, kí ẹ ti ọwọ́ bọ̀ ọ́. Bí ẹ bá sì délé, ẹ wá ìwé ìṣirò ilé-iṣẹ́ tí ẹ̀yin fúnra yín ń bá ṣiṣẹ́, ẹ wo iye oṣù tí wọ́n kọ sí ẹ̀gbẹ́ ilé tí ẹ ń jókòó nínú rẹ̀. Lẹ́yìn náà kí ẹ dìde, kí ẹ lọ wo ògiri.